Tábìlì Tí Igi Ń Rìn Lórí Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, ẹ má bínú sí mi o. Ewì lẹ ní kí n mú wá, tábìlì ni mo gbé dé. Kì í sì í ṣe irú tábìlì tí à ń sùn lé lórí ní hóstẹ́lì tí a bá ní à ń kàwé. Tábìlì ráútà ni, èyí tí èmi àti bàámi kàn ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìsinmi tó kọjá.

Ẹni tí kò bá mọ ráútà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹ̀rọ iná ni, ó tó orí ọmọdé, ó ní etí méjì tí káfíńtà fi ń dì í mú. Irin mímú kan tí wọ́n ń pè ní bíìtì yọ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tan iná sí i, bíìtì yẹn lè pòòyì tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Òun ló ń ṣe ọnà sí etí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù, òun ló ń la ojú ibi tí gíláàsì ń jókòó sí, òun náà ló ń rẹ́ etí tábìlì kó má baà gún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí iná tó dé, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ní irinṣẹ́ kan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní "eyín ìyá arúgbó", torí pé irin ẹyọ kan péré ló yọ lábẹ́ igi, bí ìgbà tí gbogbo eyín yòókù ti ká. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn débi pé mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé lẹ́kíṣọ̀ mi.

Ráútà bàámi wúwo. Ó tó kílò 5. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà.

Lọ́dún 2023, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo kan fi fò láti ibi tí kò tó ₦200 kọjá ₦480, rọpárọsẹ̀ fọwọ́ kan bàámi. Mo ní ó fọwọ́ kàn wọ́n, kò gbé wọn dè. Ẹsẹ̀ padà sípò, ẹnu padà sípò (àní wọ́n tún wá ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ), ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ò padà tán. Ó lè mú ife. Ó lè mú pẹ́ńsù. Tó bá ti gbé nǹkan tó wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ wá ro ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí irin tó ń pòòyì nígbà 20,000.

Àwọn ẹbí pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ò tilẹ̀ jẹ́ ká jókòó dáadáa. "Àbúrò mi, ẹ̀mí ló jù. Ta àwọn ẹ̀rọ yẹn, kóo wá nǹkan jẹ́jẹ́ ṣe." Ohun tí wọ́n sọ ò burú. Kódà, ẹnìkan ládùúgbò ti ná ráútà náà. Bàámi ò fèsì. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìgbọràn lójú àlejò. Èmi náà ò lè sọ̀rọ̀. Owó ilé-ìwé mi wà nínú ráútà yẹn, odidi ọdún kan ló sì kù fún mi. Bí mo bá ní kí wọ́n má tà á, ṣé nítorí tiwọn ni àbí nítorí tèmi?

Mo padà sí Ọ̀yọ́. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ sílé, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn ó jìn. Iṣẹ́ àṣetiléwá wa nígbà náà ni pé kí á lọ bá àwọn afíngbá, ká kọ orúkọ ọnà tí wọ́n ń fín sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ò kẹ̀rẹ̀ nínú igbá fínfín. Mo jókòó ti bàbá àgbà kan fún wákàtí méjì. Orúkọ ọnà ni wọ́n ní kí n kọ, ọwọ́ bàbá ni mo ń wò. Ọ̀bẹ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Igbá ló ń yí. Ọwọ́ òsì ń yí igbá lórí itan díẹ̀díẹ̀, ọ̀bẹ dúró dè é, ìlà sì ń jáde tónítóní. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ máa fi ọ̀bẹ sáré yí igbá ká? Igbá ni kó wá bá ọ̀bẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe bàámi. "Bàámi, ṣé ráútà ò lè dúró lójú kan, kí igi máa wá bá a ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ti kọ́ṣẹ́ ní irú ẹ̀: wọ́n so ráútà kọ́ sábẹ́ tábìlì, ó dorí kodò bí àdán, bíìtì wá yọrí sókè láàárín tábìlì. Àwọn ò kàn rí ohun tí àwọn fẹ́ fi ṣe nígbà tí ọwọ́ méjèèjì ṣì ń gbé e. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, "Ìgbà wo lẹ ó gba ìsinmi?"

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Marine board tí sísanra ẹ̀ jẹ́ máàlì 18 la rà. Bàámi ní orí tábìlì ò gbọdọ̀ tẹ̀ láéláé, torí ráútà yóò máa fà á wálẹ̀ tọ̀sán tòru, nítorí náà a lẹ méjì pọ̀, ó di máàlì 36. Gbogbo òkúta àti búlọ́ọ̀kù tó wà lágbàlá la gbé lé e mọ́jú kí gúlúù tó mú. Orí rẹ̀ gùn ní íǹṣì 32, ó fẹ̀ ní 24. Gíga ńkọ́? Ara bàámi la fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n dúró, mo na tépù láti ilẹ̀ dé ìgúnpá wọn, a yọ íǹṣì mélòó kan kúrò. Tábìlì tí wọ́n tà lọ́jà ò mọ ẹni tó fẹ́ lò ó. Eléyìí mọ̀ ọ́n. A lẹ fọ́míkà mọ́ ojú rẹ̀, a fi àbẹ́là pa á, igi wá ń yọ̀ lórí ẹ̀ bí ilá.

Abẹ́ tábìlì, àpótí oníyàrá mẹ́ta ni. Ráútà ló ni yàrá àárín. Òsì àtọ̀tún jẹ́ dírọ́ọ̀, a lu ihò sínú wọn kí bíìtì kọ̀ọ̀kan lè ní ibùsùn tiẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ínrín lápá kan, ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ lápá kejì. Mo rò pé a ó sé yàrá ráútà pa kí eruku má jáde, bàámi ní rárá, ẹ̀rọ náà ń mí. Tí a bá sé e pa á gbóná, á jó. A wá lu ihò sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú kí atẹ́gùn tútù máa wọlé, a sì ti páìpù oní-íǹṣì 4 bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sínú àpò ìrẹsì. Ìyá mi, tó ti ń wò wá láti àárọ̀ láìsọ nǹkan kan, bi wá léèrè ẹyọ kan: "Ṣé ariwo ẹ̀ máa dín kù?" Ó dín kù díẹ̀. Kò tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún ló gba wá lọ́jọ́ mẹ́ta. Lórí tábìlì bẹ́ẹ̀, ojú bíìtì tó kọ sí èèyàn ń yí láti òsì lọ sí ọ̀tún. Igi gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀tún lọ sí òsì kí wọ́n pàdé. Tí igi bá bá bíìtì lọ síbi kan náà, bíìtì á já a gbà, á sọ ọ́ nù, ó sì lè fa ọwọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń ti igi, òsì á tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ìdábùú ẹ̀yìn. Ọ̀tún bàámi ò ṣe é gbára lé. A gé pátákó méjì, a fi ayùn la ẹnu wọn wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà, a dè wọ́n mọ́ orí tábìlì. Àwọn ló ń tẹ igi mọ́lẹ̀ báyìí. Òsì wá ráyè fi ọ̀pá ti igi. Mo sọ pátákó náà ní òòyà. Bàámi ò bá mi jiyàn, ọmọṣẹ́ wọn náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ku síwíìṣì. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ wo ló fẹ́ sáré pa á? A kan sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ iwájú àpótí, a dorí ẹ̀ kodò, kí títẹ ìsàlẹ̀ síwíìṣì lè di pípa. A fi pátákó pẹlẹbẹ kọ́ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú híǹjì, kókó igi kan yọ lẹ́yìn pátákó náà. Tí orúnkún bá ti kàn án, ó ti kú. Ọ̀rọ̀ NEPA wà níbẹ̀ pẹ̀lú (n ò lè fi orúkọ míì pè wọ́n). Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí síwíìṣì wà ní títàn, tí wọ́n wá dá a padà nígbà tí ọmọṣẹ́ ń pààrọ̀ bíìtì ńkọ́? Òfin bàámi ni pé tí iná bá lọ, orúnkún ló kọ́kọ́ ń dáhùn; tí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ bíìtì, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" ò sì lè gbé ráútà náà, nítorí náà NEPA là ń dúró dè.

Wọ́n mú iná wá ní ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá. Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Bàámi ti èyí àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò mí. Etí ilẹ̀kùn náà jáde, ó dán. Wọ́n ṣe márùn-ún, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi òsì ra ọ̀tún. Wọ́n ní kí èmi ti ìkẹfà.

Ẹni tó ná ráútà tún yà wá wò lọ́jọ́ kejì. Bàámi ní kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá béèrè èló ni wọ́n máa gbà láti bá òun kan irú ẹ̀. Màmá Àgbà ò tíì gbà ní tiwọn. Wọ́n ní tábìlì tàbí àga, irin ni irin. Oníwọ́dúróòbù ti kó ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ, ó ṣì jẹ wá ní ₦15,000.