Obìnrin Tó Di Ìrù Ẹṣin Mú

Ní Greenwich, lẹ́bàá odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Cutty Sark. Ọmọ mi ló sanwó tí èmi àti ọmọ rẹ̀ fi wọlé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ṣé ọkọ̀ yìí kó ẹrú rí? Ẹ mọ̀ pé irú ọkọ̀ onígbòkun báyìí ló kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì. Wọ́n ní rárá, 1869 ni wọ́n kàn án ní Scotland. Tíì láti Ṣáínà ló ń kó, lẹ́yìn náà irun àgùntàn láti Australia. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí kòkòrò òkun má baà jẹ pákó rẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun tó bá débẹ̀ á rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ère obìnrin tó wà ní imú ọkọ̀ náà ló dá mi dúró. Ìrù ẹṣin ló dì mú. Ẹ̀yin awo, ìrùkẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é! Wọ́n ní àjẹ́ ni, Nannie lorúkọ rẹ̀, inú ewì Robert Burns, akéwì ilẹ̀ Scotland, ló ti wá. Ọ̀mùtí kan, Tam, ń gun ẹṣin lọ sílé lóru, ló bá bá àwọn àjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jó. Ẹ̀wù péńpé ni Nannie wọ̀, òun gan-an ni wọ́n ń pè ní Cutty Sark. Tam ò lè pa ẹnu mọ́, ó pariwo yìn ín, ni wọ́n bá lé e. Àjẹ́ tiwọn kò lè kọjá omi tó ń ṣàn. Tam sáré dé orí afárá, ìrù ẹṣin nìkan ló kù sí Nannie lọ́wọ́. Ẹ wò ó, ẹni tí kò lè kọjá odò ni wọ́n gbé síwájú ọkọ̀ tó ń la òkun já!

Ọmọ-ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, ṣé òrìṣà wọn ni?" Mo ní rárá, ère ọkọ̀ ni. Ó ní ẹnì kan sọ fóun níléèwé pé ti èṣù burúkú ni ère ilé wa, kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ sí tibí? A sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, a tún bá ère iwájú ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, wọ́n lé ní 80, wọ́n kùn wọ́n lọ́dà, iná ń tàn sí wọn lára, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Ó kà wọ́n títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ère ìbejì ìyá mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, àbúrò mi kan sì ti ní ká dáná sun wọ́n. Mo ti pe ìyá àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà: kó gbé wọn jáde sí pálọ̀, kó fi osùn pa wọ́n lára kí n tó dé.