Ta Ló Ń Mi Eyín Ọmọ?

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá wú ní Ìwàrò-Ọ̀kà, eyín la kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Ìyá á fi omi gbígbóná oníyọ̀ jó o, bàbá á ra kápúsù ní kẹ́míìsì. Bí eyín bá wá ń mì, wọ́n á ní kí wọ́n yọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, eyín náà ni. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí eyín kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ní 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n pe Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ, kó wá wo ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan. Párì rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Kòkòrò eyín kì í sábà mú ibi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Láìpẹ́, Burkitt rí ọmọ mìíràn ní ìlú Jinja tí párì tirẹ̀ wú bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, kókó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1958. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni, Burkitt lymphoma ni wọ́n ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì tí Epstein, Achong àti Barr rí nínú rẹ̀ ní 1964 wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n níbi tí ibà ẹ̀fọn ti ń kọlu ọmọdé léraléra, bíi tiwa níhìn-ín, ibẹ̀ ni àrùn yìí ti wọ́pọ̀. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣíwájú nínú jẹjẹrẹ ọmọdé.

Ohun tó ń dùn mí ni àkókò tó ń ṣòfò. Kókó jẹjẹrẹ tó ń mi eyín yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 24 sí 48. Ẹni tó yọ eyín, tó ní kí ọmọ máa lọ sílé, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń yára dàgbà yẹn gan-an ni oògùn fi ń rí i mú, torí sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ ń pa. Ọmọ tí wọ́n bá tètè gbé wá lè sàn pátápátá.

Ẹ̀yin ìyá, eyín iwájú ló ń kọ́kọ́ bọ́, ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí eyín ẹ̀yìn ọmọ ọdún mẹ́rin bá ń mì, tí párì rẹ̀ ń wú tí kò sì dùn ún púpọ̀, tí ojú rẹ̀ kan ń yọ síta tàbí ikùn rẹ̀ ń le, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni yọ eyín yẹn, ẹ bi í léèrè ohun tó ń mì ín.