Bọ̀dá Tó Ń Mú Ajá Rìn Nínú Òtútù Chicago

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ n bi yín léèrè o. Bí ọmọ yín bá ní iṣẹ́ tóun ń ṣe l'Amẹ́ríkà ni pé òun ń mú ajá onílé rìn kiri, kí lẹ ó sọ?

Mo lọ kí àǹtí mi ní Chicago ní January 2024. Háà, òtútù! Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ńṣe ni wọ́n ti ilé ìwé ìjọba pa. Iná ni wọ́n ń dá sí ìkòríta ojú irin rélùwéè kí yìnyín má baà dí i. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tẹ̀ lé bọ̀dá kan, ọmọ Òǹdó, lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí àwọn tó ni ajá wà ní ọ́fíìsì. Ilé wọn ga fíofío, kò sí àgbàlá tí ajá lè sáré sí. Kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́kànlá ló so mọ́ ìdí. Ilé tí kò sẹ́nì kankan, òun nìkan ló ń wọ̀ ọ́.

"Àbúrò, bí ṣíbí kan bá sọnù níbẹ̀, iṣẹ́ tán nìyẹn."

Ṣòkòtò mẹ́ta ló wọ̀ léra. Ajá náà wọ bàtà! Bàtà mẹ́rin! Mo rẹ́rìn-ín títí, bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa ta àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Bó bá lá a, inú rẹ̀ á dà rú. Bí ajá bá yàgbẹ́, dandan ni kí bọ̀dá fi làílọ́ọ̀nù kó o, òfin ìlú ni. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́, tí ìka á kú.

Ogún dọ́là ni ìdajì wákàtí. Bí ajá kò bá jáde, kò sówó. Ní ọjọ́ 30 January 2019, òtútù lọ sí 30 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Firísà ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, bíi 18 lábẹ́ òdo ni. Àwọn tó ń pín lẹ́tà pàápàá kò jáde. Bọ̀dá jáde. Ó yọ̀ ṣubú létí Adágún Michigan, ó fara pa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fi okùn sílẹ̀. Bí ajá bá sá gorí adágún, tí yìnyín là, kí ló fẹ́ sọ fún onílé?

Ibẹ̀ la wà tí ìyá rẹ̀ pè láti Òǹdó.

"Ṣé o ti dé ọ́fíìsì?"

"Ẹ̀ẹ̀n, màmi. Èmi àti ọ̀gá kan la jọ ń rìn."

Ajá gbó.

"Kí ló ń gbó yẹn?"

"Ajá ọ̀gá ni, mà."

Nígbà tó gbé fóònù sápò, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ajá tí wọ́n fi ń bọ Ògún nílé wa, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún màmá pé èmi ni mò ń wọ bàtà fún un? Owó rẹ̀ ni mo sì fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé."

Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun, torí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí sétí ìyá òun. N kò dárúkọ rẹ̀ o.