Ilẹ̀ Ni A Ti Ń Wá Gíà Mítà

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gíà mítà tó ń sọ eré ọkọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ sáábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú gíábọ́ọ̀sì tó wà nínú ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti nọ́ńbà tó wà lára gíà tí wọ́n bá níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ni ó yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa wà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gíà kékeré yìí ń ṣe: òun ló ń sọ iye ìgbà tí táyà yí lórí ilẹ̀ di iye ìgbà tí kébù mítà yóò yí. Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí a máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ìdí gíábọ́ọ̀sì. Ìtàn iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ló fi èyí hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kì í rántí rẹ̀ mọ́.

Ní 1902 ni Otto Schulze gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Jámánì lórí irú mítà tó gbòde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kébù ń yí òòfà kan nínú abọ́ irin fẹ́lẹ́. Òòfà kò fara kan abọ́ náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń wọ́ ọ lọ, sípíríǹgì tín-ín-rín kan sì ń fà á padà. Ibi tí ìfàgbágbá àwọn méjèèjì bá dúró sí ni ọwọ́ mítà máa ń tọ́ka sí. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ara táyà iwájú gan-an ni wọ́n ti ń yí kébù ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ni mítà Stewart ṣe rí lára Model T ti Ford: gíà ńlá kan wà lára táyà, ó ń yí gíà kékeré tó so mọ́ kébù. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá nílé kò tilẹ̀ kúrò lórí ọ̀nà yìí rárá, àárín táyà iwájú apá òsì ni kébù tirẹ̀ ti ń jáde. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti mọ táyà ti mọ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n táyà iwájú ń yà sọ́tùn-ún sósì, ó ń gbá ẹrẹ̀ àti omi, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ kébù. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wá gbé gíà náà lọ sí ìdí gíábọ́ọ̀sì, níbi tí ọ̀pá ti ń jáde lọ bá pùròpẹ́là. Epo wà níbẹ̀, erùpẹ̀ kò sì lè dé ibẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ó mú ìṣòro kan wá: ásù ẹ̀yìn bọ́ sáàárín gíà mítà àti ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tó bá pààrọ̀ ásù ti ń ba mítà jẹ́ láìmọ̀. Ẹni tó fi gíà mẹ́rin rọ́pò gíà mẹ́ta kò fi ìyẹn nìkan ba mítà jẹ́ o, nítorí pé lẹ́yìn gbogbo àwọn gíà wọ̀nyẹn ni mítà ti ń gba ìròyìn tirẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí kébù yí ìgbà 1,000 nínú máìlì kan. Gíà méjì ló ń bójú tó èyí, ọ̀kan lára ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì, èkejì ní ìdí kébù. Ẹ jẹ́ kí a mú Ford F-100 kan ti àwọn ọdún 1970, tó ní gíábọ́ọ̀sì C6, tí gíà ọ̀pá rẹ̀ ní eyín 7. Kí ásù ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 3.50, ìyẹn ni pé pùròpẹ́là yóò yí ìgbà mẹ́ta àbọ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Kí gíga táyà jẹ́ íǹṣì 28. Bí a bá fi rúlà nìkan ṣírò rẹ̀, táyà yóò yí ìgbà 720 nínú máìlì. Ṣùgbọ́n táyà tó ru ọkọ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ó bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, yóò yí tó 743. Ẹ sọ 7 di ìlọ́po 3.50, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 743, kí ẹ pín in sí 1,000: yóò fún yín ní 18.2, eyín 18 sì ni gíà kébù yóò ní. Bí ẹnìkan bá ti yọ ásù yẹn tó sì fi 3.25 rọ́pò rẹ̀, 16.9 ni ìṣirò kan náà yóò gbé jáde, eyín 17 ló sì tọ́. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé rúlà nìkan yóò rí 16.4, yóò sì ra eyín 16. Ẹni tó fi eyín 18 àtijọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa rí 60 lójú mítà nígbà tí ọkọ̀ ń sá nǹkan bíi máìlì 64 ní wákàtí kan.

Nǹkan mẹ́ta la ní láti mọ̀ kí ìṣirò yìí tó jóòótọ́, ìyẹn ni táyà, ásù àti eyín gíà ọ̀pá. Nínú píkọ́ọ̀pù tó ti ju ọdún ogójì lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìwé àtijọ́ lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Táyà tí wọ́n fi ta ọkọ̀ náà kọ́ ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ásù lè ti wá láti ara ọkọ̀ mìíràn. Nínú àwọn gíábọ́ọ̀sì kan, wọ́n gé gíà mọ́ ọ̀pá lára, a kò sì lè ka eyín rẹ̀ láìtú ìdí gíábọ́ọ̀sì. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọgbọ́n tí àwọn tó ń tún mítà ṣe ti ń lò látayébáyé. Máìlì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,280, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 52.8. Ẹ wọn ìwọ̀n yìí sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fẹ́ táyà dáadáa, ẹ tú kébù kúrò lẹ́yìn mítà, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ orí wáyà inú rẹ̀ bí àsíá, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíà, kí ẹ sì tì í lọ tààrà láti ìlà dé ìlà. Ìgbà 10 ló yẹ kí bébà yẹn yí. Bí ó bá yí ìgbà 9.4, tí gíà tó wà níbẹ̀ sì ní eyín 18, ẹ sọ 18 di ìlọ́po 9.4, kí ẹ pín in sí 10, ẹ ó tún rí 16.9 yẹn. Ilẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, láìtú ohunkóhun ní abẹ́ ọkọ̀ ju gíà kébù tí a fẹ́ ka eyín rẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní àwọ̀ gíà ti tó, pé ilé iṣẹ́ kì í kun gíà ike láwọ̀ lásán. Òótọ́ ni pé àwọ̀ ń ṣàpèjúwe eyín, ṣùgbọ́n ohun tí àwọ̀ kan dúró fún nínú ẹ̀yà kan kọ́ ló máa ń dúró fún nínú òmíràn. Ẹ ka eyín. Àwọn mìíràn á ní kí a gbé mítà lọ fún ẹni tó lè tún sípíríǹgì àti òòfà rẹ̀ tò. Àtakò yìí lágbára díẹ̀, torí pé òòfà máa ń rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ mítà nìkan ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń bá wí. Eyín gíà ni kébù fi ń yí òǹkà máìlì, kò sí òòfà kankan láàárín wọn. Òpó máìlì etí ọ̀nà Interstate ní Amẹ́ríkà lè là wá lọ́yẹ̀: bí òǹkà bá bá òpó mu tí ọwọ́ sì ń ṣìnà, mítà ló ń ṣàìsàn, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń fi ìwọ̀n kan náà ṣìnà, gíà ni.

Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù lónìí ni pé fóònù lè sọ eré ọkọ̀ fún wa láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, kí wá ni a ń yọ ara wa lẹ́nu sí? Mo gbà pé fóònù wúlò, mo tilẹ̀ gbà pé kí a fi yẹ iṣẹ́ wa wò. Ṣùgbọ́n fóònù kì í kọ máìlì sára ọkọ̀. Òǹkà ni a fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ epo, òun náà sì ni ẹni tó ń ra ọkọ̀ yóò wò. Láti 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti de ẹni tó bá fi ẹ̀tàn dá òǹkà padà sẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ pé gíà òun ń jẹ máìlì mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ń ta irọ́ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan òǹkà.

Àpótí gíà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àárín kébù ní ààyè tirẹ̀, nígbà tí eyín tí a nílò bá ju èyí tí wọ́n ń ṣe lọ. Lẹ́yìn náà ni kí a tó wo ilé gíà tó di gíà kébù mú lára gíábọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ gíà ike ló sì ń kú síbẹ̀. Lára gíábọ́ọ̀sì GM bíi TH400, ilé eyín 34 sí 39 yàtọ̀ sí ilé eyín 40 sí 45. Chrysler lo ilé kan tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an. Wọ́n tẹ iye eyín sí i lára, a ó sì yí i títí nọ́ńbà tó bá gíà wa mu yóò fi wà nísàlẹ̀. Bí eyín kò bá wọ ara wọn jinlẹ̀, ike yóò họ láìpẹ́. Bí ìṣirò bá sì bọ́ sí àárín eyín méjì gan-an, èyí tó kéré ni mo máa ń fẹ́, kí mítà sọ ju eré ọkọ̀ lọ díẹ̀ dípò kí ó dín in kù. Lẹ́yìn tí gíà tuntun bá ti wọlé, ẹ tún ti ọkọ̀ náà lórí ẹsẹ̀ bàtà 52.8 kí ẹ tó so kébù padà mọ́ mítà.