Bí A Ó Ti Kó Ọmọ Kọjá Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá dárúkọ erékùṣù ní Ìbèsè, ó lè dàbí ohun tí kò kàn wá, nítorí ilẹ̀ oko ni tiwa. Ṣùgbọ́n odò Yewa tí ó gba ilẹ̀ wa kọjá, ọ̀sà Àgbádárìgì ni ó ń ṣàn lọ bá. Òdìkejì ọ̀sà náà ni Gberefu wà, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú gbà lọ sí etí òkun láyé ìjọ́un.

Ìdí tí mo fi ń rọ̀ yín láti mú àwọn ọmọ yín dé ibẹ̀ ni pé Jọ́gà-Orílé, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n bí Ìfárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí sí. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú, ó sì dé Brazil. Nígbà tí ó padà, Àgbádárìgì ni ó fìdí kalẹ̀ sí, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Òun ni a mọ̀ sí Sẹ́ríkì Williams Abass, tí ó kú ní 1919. Ilé tí ó ń kó ẹrú sí ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí ń fini mọ̀nà á sọ pé yàrá 40 ni, wọn a sì máa há ènìyàn 40 mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ wo ilé yìí.

Ìrìn-àjò náà gba pé kí a sùn lọ́nà. Ìlaròó, Òwódé, Àtàn, Agbára ni ẹ ó gbà, ọjọ́ yóò sì ti lọ kí ẹ tó dé. Bàbá ọmọ lè ní kí ẹ kọjá lọ́jọ́ náà kí owó ilé àlejò má baà bọ́ sọ́nù. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ kọ̀ fún un. NIWA, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀nà omi, ti ka ìrìn òru léèwọ̀: igi àwọ̀n ẹja àti gẹdú wà lójú omi, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì ní iná. Ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀ pamọ́ nínú owó ọbẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ kọjá. Bí ọ̀sán bá pọ́n, afẹ́fẹ́ òkun a dìde, omi a sì máa ru. Ní Ganvié ní ilẹ̀ Benin, àwọn apẹja ṣì ń rán aṣọ pọ̀ ṣe ìgbòkun, ọ̀rẹ́ wọn ni afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni tiwa, ìgbì nìkan ni afẹ́fẹ́ ń mú wá fún wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pọn ọmọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ìyá ni ibi tí ọkàn wa ti balẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó, ńṣe ni ó ń dá ojú ẹni tí ó wọ̀ ọ́ sókè. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn yóò wà lábẹ́ omi. Ẹ gbé e sí àyà, kí ẹ̀wù tirẹ̀ bá ara rẹ̀ mu. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní ti ọmọdé, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí èrò bá pọ̀ jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, móínmóín kì í pẹ́ bà jẹ́ nínú ooru. Ẹyin sísè, ẹ̀pà yíyan àti omi sísè tí ó ti tutù ni kí ẹ gbé; àgbọn kò wọ́n lọ́hùn-ún.

Ní Gberefu, inú iyanrìn ni ẹ ó rìn. Ẹ ó kan kànga kan tí wọ́n ní omi rẹ̀ ń mú ẹrú gbàgbé ilé. Lẹ́yìn náà, òkun. Ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú, ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú rẹ̀, nítorí ìgbì ibẹ̀ ń fani lọ. Ẹ padà sí etí ọ̀sà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ ó rí ọkọ̀ Agbára wọ̀, ẹ ó sì dé Ìlaròó kí ilẹ̀ tó ṣú.