Òǹtẹ̀ Ara Irin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín ní ọdún yìí jẹ́ ọ̀ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí a rà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ń gbé, àti ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, “Kí ni ti olùkọ́ nínú ọ̀ràn irin àti òróró?” Ẹni tí ó bá fi sùúrù kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀ràn náà kan gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ìwé.

Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe irú ọkọ̀ kan tí ara rẹ̀ kò tóbi ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára púpọ̀, tí ó sì ń sáré bí ẹni tí a ń lé. Iṣan apá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Camaro Z/28 ti Chevrolet. Ní ọdún 1967, 602 péré ni wọ́n ṣe. Ti ọdún 1969 jẹ́ 20,302. Nítorí pé òfin eré ìje kan, tí à ń pè ní Trans-Am, kò gba ẹ́ńjìnnì tí ó bá ju kúbíìkì ínṣì 305 lọ, 302 ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀. Lónìí, owó tí à ń san fún èyí tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí a ti pààrọ̀ tirẹ̀ lọ, àní lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn gbé rí ọ̀nà wọlé.

Ìlú Cincinnati ni a ń gbé, kò sì jìnnà sí Norwood, níbi tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà wà kí wọ́n tó tì í pa ní ọdún 1987. Ó wù wá láti ní ọ̀kan. A fi owó pamọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, a sì rí èyí tí a ṣe ní 1969. Ẹni tí ó tà á fún wa fi ìka tọ́ka sí ibi pẹlẹbẹ kan ní iwájú ẹ́ńjìnnì, ní ìsàlẹ̀ tọ́ọ̀pù sílíńdà ti apá ọ̀tún, níbi tí a tẹ V0512DZ sí. V dúró fún ìlú Flint, níbi tí a ti to ẹ́ńjìnnì pọ̀. 0512 ni ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún. DZ sì ni àmì ẹ́ńjìnnì Z/28 ti ọdún náà. A kà á, ó yé wa, a san owó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan tí ó ti fi ogójì ọdún tú irú rẹ̀ palẹ̀. Bàbá yìí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ́kọ́ wo kàbúrétọ̀: Holley ni, nọ́ńbà 4053 sì wà lórí rẹ̀, bí ó ti yẹ. Ó wo tọ́ọ̀pù sílíńdà: àmì bí iké ràkúnmí méjì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, 186 ni ó sì parí nọ́ńbà rẹ̀, bí ó ti yẹ. Inú wa ń dùn. Ó mi orí, ó ní, “Gbogbo ohun tí a lè fi owó rà ni wọ́n ti rà.”

Lẹ́yìn náà ni ó tan iná sí ibi pẹlẹbẹ iwájú nì. Ó kọ́ wa pé ọ̀bẹ irin tí ilé iṣẹ́ fi ń fá ibẹ̀ a máa fi ilà tín-ín-tín sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ gbọọrọ láti iwájú sí ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ilà inú ìwé. Lórí ilà wọ̀nyí ni wọ́n sì ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Tiwa ń dán bí àwo. A ti fá a lẹ́yìn náà, a sì tún un tẹ̀.

Síbẹ̀ kò dá wa lẹ́jọ́. Ó ní a lè fá ibẹ̀ nígbà tí a bá ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, láìsí èrò búburú kankan. Ó rọra kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí búlọ́ọ̀kù gbé so mọ́ gíáàbọ́ọ̀sì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ọ̀rá àti ọ̀dà kúrò, ó sì pè wá. Àmì tí ó yọ síta láti ìgbà tí a ti da irin náà ni a rí: H 7 9. Lẹ́tà ni a fi ń ka oṣù, A fún oṣù kìíní títí dé L fún oṣù kejìlá. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni a da irin náà, ọdún rẹ̀ sì parí sí 9: bóyá 1969, bóyá 1979. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó kékeré tí ó wà lára ọkọ̀ náà ń wí pé 05C, èyí ni ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1969. Òǹtẹ̀ iwájú ní a to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ ní oṣù karùn-ún. Irin ẹ̀yìn ní a kò tíì da òun nígbà náà. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ ṣáájú oyún.

“Bàbá,” ni a wí, “ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí èyí fi lè rí bẹ́ẹ̀?”

“Kò sí,” ni ó dáhùn. “Ẹni tí ó tẹ òǹtẹ̀ yẹn rò pé iwájú nìkan ni ènìyàn ń wò.”

Kí a má bàa rẹ̀wẹ̀sì jù, ó mú wa lọ wo ọkọ̀ tirẹ̀. CE ni a tẹ̀ sí iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Chevrolet tuntun kan bá bàjẹ́, ilé iṣẹ́ a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, a sì tẹ CE sí i, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé arọ́pò ni. Ó fi aṣọ nù ún, ó ní, “Kì í ṣe ti àkọ́kọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni.”

Ní ọdún kẹta, ọmọbìnrin wa gba ààyè ní yunifásítì, owó kò sì sí. A ní kí a ta ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá wò ó, ó rí DZ, ó sì ní òun yóò san iye tí àwa pàápàá san. Ẹ̀yin ará, a kò ní í purọ́ fún yín: ọ̀rọ̀ dé ètè wa, a gbé e mì. Ọkàn wa ń wí pé, “Àwa kọ́ ni a tẹ òǹtẹ̀ náà. Kò sì béèrè. Ta ni ó ṣàánú wa ní ọjọ́ tiwa?” Àwọn àgbà sì ti wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú ìwé jáde, ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré tí ń kọ́ ABD. Ìyẹn ni a kò lè fara dà. A mú iná, a sì ní kí ó wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Ó dúpẹ́, ó sì lọ, kò padà wá. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹlòmíràn rà á, ó sì dín ju ìdá mẹ́ta owó wa lọ. A kọ ọ́ sínú ìwé tí a fún un pé ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́, àti pé ayédèrú ni òǹtẹ̀ iwájú rẹ̀. Iṣẹ́ òru ni a fi dí àlàfo owó ilé ẹ̀kọ́ náà, fún ìgbà òtútù méjì gbáko.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìwé ìṣirò wá tí ó ti pa ìdáhùn kan rẹ́, tí ó sì kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí àbàwọ́n ìparẹ́ náà sì hàn gbangba, ẹ má ṣe bá a wí nítorí àbàwọ́n náà. CE nìyẹn. Èyí tí ó ń dán bí àwo, tí kò ní àṣìṣe kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ rọra yí padà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bí ó ti ṣe é.