Ta Ló Ń Gé Ọ̀rọ̀ Mọ́ Màmá Lẹ́nu?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí pé ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì.

Ọ̀dọ̀ mi ni màmá wa ń gbé ní Ìbàdàn. Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester, ó sì máa ń pè wọ́n lórí WhatsApp lálaalẹ́. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìpè á já. Bó bá tún pè, á tún já. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ̀wé sí mi pé: “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ìgbà tí Màmá bá fẹ́ sọ bí ara wọn ṣe rí fún mi gan-an ni ìpè ń já. Àbí nǹkan kan wà tí ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́ ni?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Màmá ní tiwọn kò sọ nǹkan kan, àfi pé wọ́n á ti jókòó ti fóònù láti aago méje, wọ́n á dì í mú bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ní fóònù Màmá ti gbó, kí a ra tuntun. Fóònù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà bí ẹ̀kọ lóde òní, nítorí náà mo ní kí n kọ́kọ́ wádìí. Mo pa Wi-Fi lórí fóònù náà, mo fi dátà inú síìmù pe àbúrò mi láti orí bẹ́ẹ̀dì Màmá. Ogójì ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀, kò já. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi Wi-Fi pè é lórí fóònù tèmi ní pálọ̀, níbi tí ráútà wà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Kò já. Mo wá gbé fóònù tèmi yìí kan náà wọ yàrá Màmá, ó sì já lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kí àbúrò mi tán. Fóònù Màmá kò jẹ̀bi. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé kò jẹ̀bi. Àárín ráútà sí yàrá ni wàhálà wà.

Ìgbì rédíò ni Wi-Fi, oríṣi méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà ìsinsìnyí sì ń lò: 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí tó jẹ́ 5 yára púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè máa ń borí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 2.4 kò yára tó o, àmọ́ ó ń la ògiri kọjá dáadáa jù ú lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni ráútà wa fún àwọn méjèèjì, ògiri méjì ló sì wà láàárín pálọ̀ àti yàrá Màmá. Fóònù á di 5 mú, agbára rẹ̀ á tán, á sáré lọ sọ́dọ̀ 2.4, á tún padà, bí ọmọ tí ìyá méjì ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú lílọ bíbọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń já.

Ìgbì 2.4 yìí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó pín sí ojú ọ̀nà, èyí tí wọ́n kọ Channel sí lójú ẹ̀rọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ju mẹ́wàá lọ, wọ́n ń gun ara wọn. 1, 6 àti 11 nìkan ni a lè lò pọ̀ tí wọn kò ní fara kan ara wọn. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí a ń gbé sórí fóònù Android láti fi wo èyí. Ráútà méje ni mo kà lórí 6, níbi tí tiwa náà wà. Lórí 1, méjì péré. Ó sì di alẹ́ kí gbogbo àdúgbò tó dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù. Auto ni wọ́n fi tiwa sí, ó ń yan ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tó bá tún tàn, ẹ sì mọ bí iná mànàmáná tiwa ṣe ń ṣe.

Mo tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ráútà sórí fóònù níbi tí a ti ń tẹ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló sábà máa ń jẹ́. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ya fọ́tò ojú ewé náà bó ṣe wà. (Ẹ má fo èyí o!) Níbi tí wọ́n kọ Wireless sí, mo fún ìgbì méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì jẹ́ kí fóònù Màmá mọ 2.4 nìkan, kí ó gbàgbé èkejì. Mo mú Channel kúrò ní Auto, mo fi sí 1. Mo dín Channel Width kù láti 40 sí 20 MHz, kí tiwa má baà máa tàn dé orí ti aládùúgbò. Eré rẹ̀ dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè kò nílò eré púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ráútà kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo gbé e sókè orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Màmá ròyìn orúnkún wọn tán, wọ́n tún ròyìn tèmi mọ́ ọn. Àbúrò mi pè mí lọ́tọ̀ láti tọrọ àforíjì.

Bí ìpè yín bá ń já kìkì nígbà tí wọ́n bá ń fi máíkírowéfù gbé oúnjẹ gbóná, ẹ wò ó dáadáa, ìgbì 2.4 kan náà ni òun náà ń lò. Bí fóònù àtijọ́ kan nìkan bá ń kọ̀, tí ẹ sì rí WPA2/WPA3 níbi Security, ẹ dán WPA2 nìkan wò. Ẹ má ṣe fi sí Open láé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo fóònù ilé bá ń já lẹ́ẹ̀kan náà, àní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ẹ má yọ Channel lẹ́nu. Ẹ kọ aago tó já sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín.